Mo Ti Fi Eyín Tèmi Dán An Wò fún Ọ

Ọmọ mi, ọkọ mi, bàbá mi kékeré,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé irin tí ò ń jó kì í jó ọ? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Bàbá rẹ wà, àbúrò rẹ wà, ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà wà, àfi pé ó tún ti ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun nígbàkígbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ níbi iṣẹ́. Iná kò ní fò sí ọ lójú, irin kò ní já lé ọ lẹ́sẹ̀, inú kò ní máa bí ọ̀gá rẹ sí ọ, ẹnu tí o fi ń jẹun kò sì ní di ẹnu tí o fi ń sunkún. Ṣe àmín sókè. Bí o kò bá ṣe é sókè, padà sí ìbẹ̀rẹ̀ àdúrà náà kí o tún un kà.

Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló dé tí mo kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù kì í jẹ́ kí èèyàn parí ọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́ nípa ọ̀rọ̀ eyín yìí lo máa ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, pé o ò gbọ́ mi, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé bí mo bá ti yí ọ̀rọ̀ padà pé mo fẹ́ fi ẹran gbígbẹ ránṣẹ́ sí ọ, kíá ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dáa. Mo bi àbúrò rẹ bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń ṣa ọ̀rọ̀ tó máa gbé ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ti ìlú ńlá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé. Awakọ̀ tó ń kó pákó wá sí ìlú yín ló máa fi lé ọ lọ́wọ́, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró tì ọ́ títí wàá fi kà á tán. Bó bá ń wò ọ́ lójú báyìí, má bínú sí i, èmi ni mo rán an níṣẹ́.

Bàbá rẹ kí ọ. Wọ́n kun ilẹ̀kùn iwájú ní ọ̀dà búlúù, ó sì dára, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò tíì gbẹ, ìdí nìyẹn tí ìka búlúù fi wà létí bébà yìí, ó sì wà lára aṣọ àwọn oníbàárà mi kan tí mo ní láti bẹ̀. Ewúrẹ́ wa ti bí. Àbúrò rẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń rán ọrùn ẹ̀wù láìjẹ́ pé ó ń dà bí ọrùn àpò, mo sì ti ń jẹ́ kó gé aṣọ olówó kékeré.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ náà kí ọ, èyí tí gbogbo abúlé ń pè ní Mo-ti-gbọ́, torí pé kò sí ohun tí èèyàn máa sọ fún un tí kò ní sọ pé òun ti gbọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí o pè wá, tí o ní dókítà eyín níbẹ̀ sọ pé kí o wá ṣe ìtọ́jú gbòǹgbò eyín, bàbá rẹ gbé fóònù sí èyí tí gbogbo ilé fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀, Mo-ti-gbọ́ sì wà lórí ìjókòó wa. Kí ẹnikẹ́ni tó bi í, ó ti ń ṣàlàyé fún ọ pé òun ti gbọ́ nípa rẹ̀, pé ṣe ni wọ́n máa ń fa gbòǹgbò eyín yọ láti abẹ́, wọn á wá dá eyín náà dúró lásán bí ẹni ri òpó mọ́ inú iyanrìn, pé ọkùnrin kan tí òun mọ̀ dáadáa ṣe é, nígbà tó di ọjọ́ kan tó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ já bọ́ sínú àwo. Mo gbọ́ bí ohùn rẹ ṣe yí padà. Ìwọ tí ò ń fi iná gé irin, tí ògùnná ń fò lé lórí láti àárọ̀ dalẹ́ tí o ò mira, ohùn rẹ wá dà bí ti ọmọ tí wọ́n fẹ́ gé èékánná rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e lo wá pè pé ìrora náà ti lọ. O ní láti ọjọ́ Ajé ni eyín náà ò ti dùn ọ́ mọ́, pé ó ti san fúnra rẹ̀, o ò lọ mọ́, bó bá sì tún bẹ̀rẹ̀, wàá kúkú lọ yọ ọ́ dànù, ọ̀rọ̀ á tán. Bàbá rẹ ní a dúpẹ́. Èmi ò lè dúpẹ́ dáadáa. Eyín ìjẹun ni o, kì í ṣe bọ́tìnnì tí èèyàn lè já dànù kó rán òmíràn síbẹ̀. O ò tíì fi ẹnu yẹn bá ọmọbìnrin kankan sọ̀rọ̀ tó já sí nǹkan gidi, o sì ti fẹ́ máa dín eyín inú rẹ̀ kù.

Mo ronú sí i títí. Mo rántí pé láti kékeré rẹ ni oògùn kíkorò kò ti ní wọ ẹnu rẹ àfi bí mo bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò níṣojú rẹ. Wàá tẹjú mọ́ mi. Bí mo bá fa ojú ro báyìí, ó parí nìyẹn, a ò ní rí ọ mú mọ́ lọ́jọ́ náà. Ìwọ lo kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń gbé oògùn kíkorò mì tí á tún máa rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ fún bàbá rẹ pé èmi fúnra mi á lọ ṣe ìtọ́jú gbòǹgbò eyín yìí, kí n lè mọ bó ṣe rí, kí n sì ròyìn rẹ̀ fún ọmọ mi. Bàbá rẹ bi mí pé eyín wo ló ń dùn mí. Mo ní kò sí ọ̀kankan. Wọ́n wò mí títí, wọ́n sì padà sídìí ọ̀dà wọn.

Èmi àti àbúrò rẹ la jọ lọ sí ilé ìwòsàn eyín tó wà ní ìlú kejì. Nítorí pé ó ti sọ fún mi pé wọ́n máa ń ya fọ́tò níbẹ̀, mo wọ aṣọ mi aláwọ̀ elésè-àlùkò, mo fi ìpara sójú, mo sì gbé ìlẹ̀kẹ̀ tí o rà fún mi sọ́rùn. Nígbà tí a débẹ̀, ẹnu rọ́bà ńlá kan wà lórí tábìlì akọ̀wé, eyín rẹ̀ tó àtàǹpàkò bàbá rẹ. Mo bi akọ̀wé náà pé ta ló fi èyí sílẹ̀ níbí, ṣé yóò padà wá gbé e. Ó ní ti ilé ìwòsàn ni, àwọn fi ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń fọ ẹnu ni. Ó wá bi mí bóyá nǹkan kan wà tí ara mi kì í gbà. Mo ní ó wà, ara mi kì í gba kí oníbàárà mú aṣọ wá lónìí kó ní lọ́la lòun fẹ́ gbà á. Ó rò ó díẹ̀, ó ní ti oògùn lòun ń béèrè. Mo ní ìyẹn kò sí.

Dókítà náà, ọmọbìnrin ni. Ó kéré, ojú rẹ̀ tutù, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ bí ọwọ́ ẹni tó ń rán aṣọ funfun. Ó kí mi dáadáa, ó ní kí ló ń ṣe mí. Mo ní kò sí nǹkan tó ń ṣe mí, mo wá ṣe ìtọ́jú gbòǹgbò eyín ni. Ó ní eyín wo. Mo ya ẹnu, mo fi ìka kan eyín ìsàlẹ̀ lápá òsì, èyí tó ṣìkejì èyí tó gbẹ̀yìn, torí pé ibẹ̀ lo sọ pé tìrẹ wà. Ó fi dígí kékeré wò ó, ó fi irin kàn án kọ́kọ́kọ́, ó ní kò sí ohun tó ṣe eyín yìí rárá. Mo ní mo mọ̀, kó sáà ṣe é. Mo wá ṣàlàyé fún un pé aránṣọ ni mí, pé bí oníbàárà bá ń bẹ̀rù pé bóyá irú ẹ̀wù kan ò ní yẹ òun, a máa ń wọ̀ ọ́ fún ẹlòmíràn kó lè rí i, ọmọ mi sì ń bẹ̀rù, èmi sì ni ẹlòmíràn náà. Dókítà yọ ìbòmú rẹ̀. Mo rò pé inú ń bí i ni, àṣé ẹ̀rín ló fẹ́ rín.

Nígbà tó rín in tán, ó ní kò sí oníṣẹ́ eyín tó ń dá eyín tó le lu, ìbáà jẹ́ ìyá àwọn ló bẹ àwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti jókòó sórí àga rẹ̀, kí n jẹ́ kó yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Mo ní kò burú. Ó tẹ nǹkan kan, àga náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lọ tèmi tèmi, orí mi ń lọ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ mi ń lọ sókè, mo yáa di bàtà mi mú. Bí o bá lọ sí tìrẹ, má jẹ́ kó bá ọ lójijì. Fi ọkàn sí i pé àga náà máa sùn.

Ó wá mú òwú tútù kan, tútù bí omi dídì, ó ń fi kan eyín mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n gbé ọwọ́ sókè bí mo bá ti mọ̀ ọ́n lára. Eyín kan, mo gbé ọwọ́. Òmíràn, mo gbé ọwọ́. Nígbà tó kan èyí tó wà níwájú lókè, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, tí mo fi ń já òwú láti ọjọ́ tí mo ti ń ránṣọ, ó fi òwú tútù náà sí i títí, mi ò mọ nǹkan kan. Inú mi dùn. Mo ní ẹ ò rí i, akíkanjú nìyẹn, òun ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo wọn. Ojú dókítà kò dùn bíi tèmi. Ó fi ìka tẹ erìgì mi lókè ibẹ̀, eéwo kékeré kan wà níbẹ̀ tí mi ò tilẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Ó ní Màmá, eyín yìí kì í ṣe akíkanjú, ó ti kú ni.

Fara balẹ̀ ka ibi yìí dáadáa, ọmọ mi, torí rẹ̀ ni mo ṣe kọ gbogbo ìyókù. Ó ní nǹkan rírọ̀ kan wà nínú eyín kọ̀ọ̀kan, tín-ín-rín bí òwú, ó gba àárín eyín sọ̀ kalẹ̀ wọ inú gbòǹgbò, òun ló ń jẹ́ kí eyín mọ òtútù àti ooru. Bí kòkòrò bá ráàyè wọlé tọ̀ ọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ìgbà yẹn ni eyín á máa dunni tí èèyàn ò ní lè sùn. Bó bá jẹrà tán, á kú, ìrora á sì lọ. Èèyàn á máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó wà nínú rẹ̀ kò lọ síbì kankan, ìsàlẹ̀ gbòǹgbò ló ń gbà jáde lọ sínú eegun, tí á máa ṣe ọyún níbẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo wá rántí pé kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀, eyín yẹn dùn mí fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ó sì dá fúnra rẹ̀, mo sì sọ fún gbogbo àdúgbò pé omi iyọ̀ ló wò ó.

Ohùn rẹ ni mo gbọ́ létí mi lórí àga yẹn, bí o ṣe ń sọ pé ìrora náà ti lọ. Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe nítorí eyín tèmi, èmi ti dàgbà. Mo bi dókítà pé bó bá wá jẹ́ ọmọ èèyàn ni eyín rẹ̀ dá lọ́jọ́ Ajé ńkọ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí ọmọ náà má ṣe jókòó tì í, pé irú rẹ̀ lè dákẹ́ fún oṣù púpọ̀, ó sì lè wú lójijì, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, kí ẹnu má ṣeé là, kó sì máa sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn. Ó ní bó bá tètè lọ, wọ́n á gba eyín náà là. Bó bá pẹ́, yíyọ ló kù. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ tèmi lójú ẹsẹ̀, kí n lè rí nǹkan sọ fún ọ.

Fọ́tò ló kọ́kọ́ yà. Ọmọ mi, fọ́tò ibẹ̀ kò dára. Wọ́n gbé aṣọ wúwo kan lé mi láyà, mo yẹ etí rẹ̀ wò, ẹni tó rán an ò ṣẹ́ ẹ dáadáa, dókítà ní òjé ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ki nǹkan pẹlẹbẹ kan bọ̀ mí lẹ́nu, mo ti tún ìlẹ̀kẹ̀ mi ṣe, mo ti rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má rẹ́rìn-ín, kí n sáà jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí fọ́tò jáde lójú tẹlifíṣọ̀n wọn, kò sí ojú mi níbẹ̀, kò sí ìlẹ̀kẹ̀, kò sí aṣọ elésè-àlùkò, eyín mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀ nínú òkùnkùn. Mo ní kí wọ́n tún un yà. Dókítà ní èyí tó dára jù lọ nìyẹn, ó fi ìka tọ́ka sí ojú dúdú kékeré kan ní ìparí gbòǹgbò, ó ní ibi tí ọyún wà nìyẹn. Mo sì ní kó tẹ ẹ̀dà kan fún mi. Bàbá rẹ ti kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wa, wọ́n ní ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé tọkàntara ni àwọn fẹ́ mi.

Abẹ́rẹ́ ló kàn. Mi ò ní parọ́ fún ọ, ó dùn mí. Ó dùn tó bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ gún èèyàn níka nígbà tó ń kánjú rán aṣọ oníbàárà, kí èèyàn tó sọ pé yéè ó ti tán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ètè mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo mọ̀ ọ́n pé ó ń wú, ó tó ìrọ̀rí, mo ní kí wọ́n fún mi ní dígí kí n wò ó kó tó dé àyà mi. Mo wò ó, ètè mi ni, kò kúrò níbi tí mo fi í sí, kò tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dókítà ní ó kàn kú fún ìgbà díẹ̀ ni. Mo fọwọ́ fà á, mo fọwọ́ gbá a, bí ètè ẹlòmíràn ni.

Wọ́n wá na aṣọ rọ́bà aláwọ̀ ewé kan bo gbogbo ẹnu mi. Wọ́n dá ojú kan ṣoṣo sí i bí ojú bọ́tìnnì, eyín kan ṣoṣo náà sì yọ síta láti ojú rẹ̀. Iṣẹ́ náà wù mí gan-an, ojú tí wọ́n dá sí i mọ́, kò ya. Dókítà ní ó wà níbẹ̀ kí itọ́ má bàa wọ inú eyín, kí nǹkan má sì já bọ́ sí mi lọ́fun. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé èèyàn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì lọ́jọ́ náà, ó tó jẹ lóúnjẹ.

Ó fi ẹ̀rọ kékeré lu ihò sẹ́yìn eyín náà. Ariwo rẹ̀ kò tó ìdajì èyí tí ẹ fi ń lu irin níbi iṣẹ́ rẹ, n ò mọ ohun tí ò ń sá fún. Ó wá mú àwọn abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan tí orí wọn jẹ́ funfun, pupa, búlúù, ó ń tì wọ́n bọ inú ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ha inú gbòǹgbò, ó ń tú oògùn sí i, ó ń fọ̀ ọ́. Bó ṣe ń ṣe é, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké pí, pí, pí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò pé fóònù rẹ̀ ni. Ó ń ké, kò gbé e. Mo fi ọwọ́ júwe fún un pé kó gbé e, ó lè jẹ́ ìyá rẹ̀. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ẹ̀rọ tó ń sọ fún òun pé abẹ́rẹ́ ti dé ìparí gbòǹgbò ni. Inú mi dùn pé kì í ṣe pé ó ń sá fún ìyá rẹ̀, torí pé ọmọ dáadáa ni.

Nígbà tí wọ́n ká rọ́bà kúrò, ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé níbo ló kó gbòǹgbò náà sí. Ó ní gbòǹgbò wo. Mo sọ ohun tí Mo-ti-gbọ́ sọ. Ó mú mi padà sídìí tẹlifíṣọ̀n, ó ya fọ́tò mìíràn, gbòǹgbò mi ló wà níbẹ̀ yẹn, gígùn gbọọrọ nínú eegun mi, wọn ò fọwọ́ kàn án láti fà á. Inú rẹ̀ ni wọ́n fọ̀. Ó yé mi nígbà yẹn. Bí ìgbà tí òwú inú ìrọ̀rí bá ti hu, tí a tú u, tí a kó èyí tó bàjẹ́ dànù, tí a fọ àpò rẹ̀ tó sì gbẹ, tí a wá ki òwú tuntun sí i kí a tó rán ẹnu rẹ̀ pa. Àpò ìrọ̀rí ò lọ síbì kankan. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà, ó ní àfi kí n wá máa bá òun ṣàlàyé fún àwọn èèyàn.

Oògùn ló fi sínú tèmi ná, ó fi nǹkan rírọ̀ kan dí i lókè fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé awò pupa kan wọ̀, ó gbé ọ̀kan wọ̀ fún mi náà, ó sì tan iná búlúù kékeré kan sí i, kíá, nǹkan náà le gbagidi. Mo ní ha, wẹ́dà ni yín. Mo sọ fún un pé ọmọ mi ọkùnrin náà máa ń wọ awò kó tó tan iná, pé ẹ̀yin méjèèjì lè bá ara yín sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ó bi mí pé ṣé òun náà ni ọmọ tó ń bẹ̀rù yẹn. Mo ṣe bí ẹni ń tún awò ṣe, ojú tì mí nítorí rẹ.

Wọ́n ní kí n má mu nǹkan gbígbóná títí ètè mi fi máa jí. Mo gbàgbé. Mo mu tíì nígbà tí a délé, ìdajì rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi dà sí aṣọ elésè-àlùkò láìjẹ́ pé mo mọ̀, bàbá rẹ ló pe àkíyèsí mi sí i. Nítorí náà, bí o bá ṣe tìrẹ tán, dúró kí ẹnu rẹ jí. Ní ọjọ́ kejì, ibẹ̀ dùn mí díẹ̀ bí mo bá fi eyín kan eyín. Mo lo oògùn tí wọ́n fún mi, ọjọ́ kẹta mo ti ń bá àwọn oníbàárà jà bí ìṣe mi. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Mo ti dé ìdí rẹ̀, mo sì ti padà. Mo ròyìn fún Mo-ti-gbọ́ náà, mo fi fọ́tò gbòǹgbò hàn án. Ó wò ó dáadáa, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lòun ti gbọ́ ọ.

Ilé ìwòsàn náà mọ èèyàn tọ́jú. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù àbúrò rẹ pé àwọn ń rán mi létí láti padà wá. Kò gbàgbé rí. Mo máa ń ní kí àbúrò rẹ kọ èsì, pé a dúpẹ́, pé ṣé àwọn ará ilé rẹ̀ wà, pé kí ó má ṣe iṣẹ́ ju agbára lọ. Àbúrò rẹ ní ẹ̀rọ ló ń kọ ọ́, pé kì í ṣe èèyàn. Mo ní bó bá jẹ́ ẹ̀rọ, ìyá rẹ̀ kọ́ ọ dáadáa.

Ẹ̀ẹ̀kan ló kù tí mo máa lọ. Wọ́n á yọ oògùn inú rẹ̀, wọ́n á fi nǹkan bíi rọ́bà dí i pa títí láé, wọ́n á wọn eyín náà, wọ́n á sì fi fìlà bò ó, torí pé eyín tí wọ́n bá ti ṣe báyìí kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́. Wọ́n ti kó àwọ̀ eyín wá kí n ṣà, bí ìgbà tí a bá kó àwọ̀ òwú síwájú oníbàárà. Mo mú èyí tó funfun jù. Dókítà ní rárá, ó gbọ́dọ̀ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mu. Mo wò ó, òótọ́ ni, kò sí ẹni tó máa fi aṣọ funfun lẹ aṣọ aláwọ̀ ewé. Ó sì ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi eyín já òwú mọ́. Nítorí náà, fi owó àlùmọ́gàjí kékeré kan ránṣẹ́ sí mi, èyí tó mú. Jọ̀ọ́, má fi owó náà sínú fóònù àbúrò rẹ. Nígbà tí o fi síbẹ̀ kẹ́yìn, fóònù náà já sínú omi ìfọṣọ, a sì sá a sóòrùn títí di ìrọ̀lẹ́, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, torí pé owó tó bá rẹ kì í rí bákan náà mọ́. Fún awakọ̀ pákó.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Àbúrò rẹ ti fi fóònù pe ilé ìwòsàn eyín tí o sá kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní àyè wà fún ọ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ láàárọ̀, a sì ti gbà á. Mo wá lọ bá dókítà tèmi pé Ọjọ́bọ̀ náà ni kó fi tèmi sí. Mo sọ fún un pé mi ò ní jókòó sórí àga rẹ̀ títí àbúrò rẹ fi máa pe ilé ìwòsàn yín, tí wọ́n á sọ fún wa pé o ti wọlé. Bí o bá wọlé, èmi náà á wọlé. Bí o kò bá wá, mo ń padà sílé. Dókítà ní mi ò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, pé ohun tí òun fi dí eyín mi kì í ṣe èyí tó lè pẹ́, bó bá ṣí, ìdọ̀tí á padà wọlé, gbogbo iṣẹ́ náà á bàjẹ́, eyín iwájú mi á sì di yíyọ. Mo ní ó yé mi. Mo ní n ò bẹ̀rù, mo mọ ọmọ tí mo bí.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ dókítà tìrẹ rọ̀ bíi ti tèmi. Àga wọn kò ní gbé ọ ṣubú. Ẹ̀rín kò ní parẹ́ lẹ́nu rẹ, wàá fi gbogbo eyín rẹ jẹ oúnjẹ ọjọ́ ogbó, àwọn ọmọ rẹ kò ní sá fún ọ lórí fóònù. Ọmọ mi, mi ò bínú sí ọ. Mo mọ̀ pé o lè fi eyín tìrẹ ṣeré. Tèmi ni mo mọ̀ pé o ò ní fi ṣeré.

Èmi ìyá rẹ ni, tí ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹun dè ọ́ di Ọjọ́bọ̀.